Ìlà Igi Mẹ́fà Létí Kòtò Omi

Rísíkátù ni orúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ kí orúkọ náà ṣáájú, nítorí pé òun ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí ní ilẹ̀ Italy; àwọn tí ó ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀ kàn gba ọ̀nà tí òun ti là sílẹ̀ ni. Àwọn yòókù inú ọ̀rọ̀ yìí, mi ò ní dárúkọ wọn. Àwọn kan ti kú, àwọn kan sì ti di ẹni ńlá tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ kí. Ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ kò wúwo lẹ́nu mi. Bí mo bá sì ti dá a báyìí, òórùn kan ni ó máa ń bá a wá: òórùn yàrá tútù tí wọ́n ń kó píà sí ní ìgbà òtútù, òórùn adùn tí ó fẹ́ẹ́ kọjá ààlà, bí ìgbà tí ènìyàn da oyin sórí irin tútù, tí òórùn pákó àpótí tí ó ti rin wá dà pọ̀ mọ́ ọn. Ó ti lé ní ogún ọdún. Bí mo bá ṣí fíríìjì tí èso ti pẹ́ nínú rẹ̀, mo ṣì máa ń yára pa á dé.

Kì í ṣe píà tiwa ni mò ń wí o, èyí tí ó ní kóró ràbàtà nínú tí a máa ń fi jẹ búrẹ́dì. Ti ọ̀hún jẹ́ èso ọlọ́rùn gígùn, awọ rẹ̀ a máa rí ṣákiṣàki díẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tí ó fọṣọ pẹ́. Abate ni wọ́n ń pè é. Láti ìgbà ìkórè títí di ìgbà tí òtútù bá ń palẹ̀ mọ́, ó lè wà nínú yàrá tútù kí ó má bàjẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí kálíṣíọ̀mù kò bá tó lára rẹ̀, òde rẹ̀ a máa dán, inú rẹ̀ a ti bàjẹ́. Wàá fi ọ̀bẹ là á, wàá rí i pé àárín rẹ̀ ti di àwọ̀ tábà. Irú píà bẹ́ẹ̀ tí mo là láyé mi kò tó irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ tí mo bá pàdé.

Ìwọ tí a jọ kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ mọ bí mo ṣe kúrò nílé. Mi ò ní tún un sọ. Turin ni mo kọ́kọ́ dé. Àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́fà ni mò ń fọ̀ níbẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú omi tí ó máa ń dì mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà òtútù. Bí mo bá sọ fún wọn pé tíṣà ni mí, wọ́n a rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n a na ìgbálẹ̀ sí mi. Nígbà tí mo gbọ́ pé iṣẹ́ oko èso wà ní ẹ̀yìn ìlú Reggio Emilia, mo di ẹrù mi. Mo rí yàrá méjì ní àdúgbò rélùwéè, níbi tí àwọn ènìyàn wa pọ̀ sí. Kò pẹ́ tí Rísíkátù fi dé láti Padua pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo. Ògiri kan ni ó pààlà ilé bàbá rẹ̀ àti ilé bàbá mi ní Ìwó. Mo ti pọ̀n ọ́n rí. Ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà mi, ó ní, "Àǹtí mi, ibi tí ẹ bá sùn ni èmi náà máa sùn." Kò ní ìwé ìgbélùú kankan. Mo fún un ní yàrá kejì, mo fún un ní bàtà oko mi kejì, mo sì mú un lọ bá padrone, ìyẹn ọ̀gá tí ó ni oko tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Padrone yìí jẹ́ ọkùnrin tí ó ń bá igi sọ̀rọ̀ ju bí ó ṣe ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lọ. Okùn tí wọ́n fi ń so ẹ̀ka igi ni ó fi ń di ṣòkòtò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń gun katakata láti fín oògùn sí oko náà, bí àwọn bàbá wa ṣe ń fín kòkó, àyàfi ìlà igi mẹ́fà tí ó wà létí kòtò omi ńlá, níbi tí katakata kò ti lè yí. Ọwọ́ ni a fi ń fín àwọn ìyẹn, pẹ̀lú rọ́bà gígùn àti ọ̀pá pọ́ńpù. Lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọkùnrin kan tí ó kàwé nípa èso, tí gbogbo wọn ń pè ní tecnico, a máa wá láti cooperativa, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tí ó ni yàrá tútù náà. Ọ̀bẹ pélébé kan kì í kúrò nínú àpò rẹ̀.

Òun ni ó ṣàlàyé kálíṣíọ̀mù fún wa. Ó dà bí èérún yìnyín funfun nínú àpò, ṣùgbọ́n bí o bá da omi sí i, omi náà á gbóná bí ẹni pé iná wà nísàlẹ̀ garawa. Bí o bá gbàgbé láti di ẹnu àpò rẹ̀, yóò fa ìrì mọ́ra, ilẹ̀ á mọ́ bá a tí ó ti di omi. Ó ní láti ìgbà tí èso bá ti tó àtàǹpàkò títí di ìgbà tí ìkórè bá kù díẹ̀ ni a ó máa fín in, ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ìwọ̀n kan sí àgbá kan, kí oòrùn tó ga. Ó wá sọ gbólóhùn kan tí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ó ní ewé kì í gbé kálíṣíọ̀mù fún èso. Ohun tí ó bá bọ́ sórí ewé, ti ewé ni. Èso ní láti fi awọ ara rẹ̀ mu tirẹ̀.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín, signora?"

Mo fi èdè Italy mi tí kò tíì gún nígbà náà sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹ̀pà ni ó ń sọ. Àìmọye ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ pé ẹ̀pà tí kò bá rí kálíṣíọ̀mù nínú ilẹ̀ tí ó yí i ká, èèpo rẹ̀ yóò ṣófo, bí ewé rẹ̀ ìbáà tutù yọ̀yọ̀. Ewé kò lè ràn án lọ́wọ́. Nínú ilẹ̀ níbẹ̀ ni ọmọ ẹ̀pà ti ń mu tirẹ̀. Mo ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀pá pọ́ńpù tí a ń nà sí orí igi láti òkè kò dára, ewé nìkan ni à ń fún lóúnjẹ. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí a fín in láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ó kan àwọn èso tí ó sá sábẹ́ ewé. Ó wò mí pẹ́. Ó ní, "Níbo lẹ ti kàwé?" Láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ náà, kò sí ẹni tí ó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí.

Láti ọjọ́ náà ni ìwé àkọsílẹ̀ oko, tí wọ́n ń pè ní quaderno, ti bọ́ sọ́wọ́ mi, àti kọ́kọ́rọ́ ilé oògùn. Èmi ni mò ń wọn kálíṣíọ̀mù, èmi ni mò ń kọ ọ́ sílẹ̀, èmi ni mò ń fọwọ́ sí i. Padrone wá ń pè mí ní maestra, tíṣà. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí oṣù keje wọlé, tecnico sọ fún mi létí ilé oògùn pé cooperativa fẹ́ ṣí yàrá kan tí wọn yóò ti máa la píà tí ó bá jáde láti inú òtútù, tí wọn yóò máa fi irin kékeré tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì le, tí wọn yóò máa kọ ohun tí wọ́n bá rí. Ó ní, "Ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi síbẹ̀." Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo lọ sí ọjà ọjọ́ Sátidé, mo ra ẹ̀wù funfun kan, irú èyí tí a máa ń wọ̀ nínú yàrá ìwádìí níléèwé, mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Bí mo bá jí, mo máa ń wò ó kí n tó wo aago. Mo ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ìwọ mọ ohun tí ó jẹ́ fún tíṣà láti tún padà di tíṣà.

Ibà gbé mi dè fún ọjọ́ mélòó kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje, ó sì bọ́ sí àkókò fífín. Mo ní kí Rísíkátù ṣe ìlà mẹ́fà náà. Nígbà tí mo dìde, ó ní òun ti ṣe é. Mo kọ ọ́ sínú quaderno, mo fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo ní láti lọ sí Questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tí wọ́n ti ń tún ìwé ìgbélùú wa ṣe, tí wọ́n ń pè ní permesso. Mo tún fi ìlà mẹ́fà náà lé Rísíkátù lọ́wọ́: ìwọ̀n kan sí àgbá kan, kí o sì ti parí kí oòrùn tó yọ lórí àwọn igi gíga tí wọ́n ń pè ní pioppo. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí." Nígbà tí mo dé, mo tún kọ ọ́, mo tún fọwọ́ sí i.

Ní ọjọ́ kẹta ni mo lọ sétí kòtò omi. Etí ewé púpọ̀ nínú àwọn igi náà ti pọ́n, ó ti ká kò bí ìwé tí iná lá. Àwọn èso tí ó kọjú sí oòrùn ti dúdú ní ìdí, níbi tí omi oògùn ti sun jọ tí ó sì gbẹ síbẹ̀. Mo já ewé kan, mo fi ahọ́n kàn án. Ó korò, ó sì níyọ̀. Mo pe Rísíkátù wá sí abẹ́ igi náà.

"Ìwọ̀n mélòó lo dà sínú àgbá?"

"Méjì ni, Àǹtí."

"Ta ló ní kí o da méjì?"

Ó ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀. "Ti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo fi kún un. Mi ò fín in nígbà yẹn. Padua ni mo lọ, wọ́n ń sọmọ ọ̀rẹ́ mi lórúkọ. Mo wá rò ó pé, ṣebí arìnrìn-àjò máa ń kó ìrun Àyìlá àti Alásárì pọ̀ ni, tí Ọlọ́run sì máa ń gbà á."

"Ọlọ́run ń gbà á. Ṣé igi náà ń kírun ni?"

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ìwọ̀n méjì yẹn kò tètè yọ́, ó ń dí ojú pọ́ńpù. Ìgbà tí mo fi máa tú u tán, oòrùn ti dé."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ gbá a létí. N kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Tí ó bá jẹ́ ọmọ oníwèé mẹ́fà kan ní kíláàsì mi ni ó sọ bẹ́ẹ̀, ǹ bá ti lo ọ̀rọ̀ náà láti fi kọ́ àwọn yòókù fún ọdún mẹ́wàá. Èmi àti ìwọ mọ̀ pé kò sí ẹlòmíràn lábẹ́ ọ̀run tí yóò ronú bẹ́ẹ̀ àfi ọmọ ilé kéwú wa: pé gbèsè tí o jẹ igi, wàá san án bí ìrun tí ó kọjá.

Padrone kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Ajé ni òun àti tecnico máa wá. Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn àsàlátù, a kó ara jọ sí yàrá òkè gáréèjì tí a ń lò bíi mọ́sáláṣí. Rísíkátù ni ó lọ bá wọn ṣáájú, mi ò tilẹ̀ mọ̀. Alfa wà níbẹ̀, Ìyá Àdínnì tí ó ń darí àwa obìnrin wà níbẹ̀, àti àwọn ọkùnrin méjì tí ó ń ṣiṣẹ́ irin. Wọ́n fi mí jókòó sórí ẹní tí ó nípọn jù. Ó yẹ kí n ti fura láti orí ẹní.

Alfa ni ó bẹ̀rẹ̀. "Àǹtí Tíṣà, ọmọ yín ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n padrone yìí náà ni ó máa fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ kí Questura tó lè fún un ní permesso. Tí ó bá gbọ́ pé ọmọ yìí ló jó igi, ṣé ó máa fọwọ́ sí i?"

Mo ní, "Kò ní fọwọ́ sí i."

"Ẹ̀yin ti ní tiyín. Ẹ ò ní oyún, ẹ ò ní kékeré lọ́wọ́. Ó ti lóyún oṣù mẹ́ta."

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, èmi tí a jọ ń sùn nínú ilé kan. Mo wo Rísíkátù. Ó wo ẹní.

Ìyá Àdínnì fọwọ́ kàn mí lórúnkún. "Tíṣà, ṣé nítorí ewé lẹ ṣe máa jẹ́ kí wọ́n dá ọmọ olóyún padà sílé? Ewé a máa hù o."

Ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ irin rẹ́rìn-ín. "Kí ni wọ́n fẹ́ fi ẹ̀yin ṣe? Òyìnbó kì í na tíṣà."

Mo fẹ́ sọ fún wọn nípa ẹ̀wù funfun tí ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi. Ṣùgbọ́n ó kéré lójú oyún. Báwo ni àgbàlagbà yóò ṣe gbé ẹ̀wù kalẹ̀ níwájú ọmọ inú? Rísíkátù ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń wí pé, "Àǹtí mi, ọjọ́ tí permesso mi bá jáde, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni máa fi rìn lọ bá padrone. Máa sọ ọ́ fún un lójú yín." Gbogbo wọn ń wò mí. N kò sọ pé mo gbà. Mo kàn tẹ orí mọ́lẹ̀ bí a ṣe ń ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ bá tóbi. Alfa ní, "Àgbà ni ń gbà. Ọlọ́run á san án fún yín." Ó ní kí a ṣe fátíhà. Gbogbo wọn tẹ́ ọwọ́. Mo tẹ́ tèmi náà.

Ní ọjọ́ Ajé, padrone dúró láàárín ìlà mẹ́fà náà, ó ń fi ọwọ́ pa ewé kan bí ẹni ń pa orí ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ó ní, "Maestra, ta ni?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó ní, "Kì í ṣe ẹ̀yin." Mo tún un sọ. Tecnico gba quaderno lọ́wọ́ mi, ó ṣí i sẹ́yìn, ó rí ti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ó ti lọ tẹ ilẹ̀ abẹ́ igi wò, ó ti lọ wo àpò kálíṣíọ̀mù. Ó mọ̀ pé bí a bá ti fín in nígbà méjèèjì, tí ti ẹ̀yìn sì jẹ́ ìwọ̀n méjì, àpò náà kò yẹ kí ó kún tó bẹ́ẹ̀. Ó bi mí bóyá lóòótọ́ ni mo fín in ní ìgbà yẹn. Mo wo ìkọ̀wé ara mi, ìkọ̀wé tí mo fi kọ́ ọmọ ènìyàn, tí kò tẹ̀, tí kò wọ́. Mo ní, "Mi ò fín in. Mo kàn kọ ọ́ ni." Ó pa ìwé náà dé jẹ́jẹ́. Ó ní, "Peccato." Ó ṣe o. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà nìyẹn. Ì bá bú mi, ǹ bá fara mọ́ ọn. Rísíkátù wà lẹ́yìn wọn, ó di ọ̀pá pọ́ńpù mú, ojú rẹ̀ gbẹ.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ilé oògùn lọ́wọ́ mi. Padrone kò lé mi, ọkùnrin náà ní àánú díẹ̀. Ó fi mí sí ìkórè, lẹ́yìn náà ó fi mí ránṣẹ́ sí ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń ṣa píà ní cooperativa. Ó fọwọ́ sí ìwé Rísíkátù. Nígbà tí wọ́n ṣí yàrá ìlàpíà náà, wọ́n ní kí padrone fún wọn ní ẹni tí ó mọ̀ nípa kálíṣíọ̀mù, ẹni tí ó ti bá maestra ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. O ti mọ ẹni náà. Ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ogójì ọjọ́ nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó wọ yàrá mi ní ìrọ̀lẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ tí ó máa bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ọmọ jó lọ́wọ́, ó sì ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀wù funfun yìí, ṣé ẹ ò lò ó?" Mo ní kí ó mú un. Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi, mo ní kí ó mú un, mo tún bá a ṣẹ́ apá rẹ̀ sókè, nítorí ó gùn jù fún un.

Oṣù kejì ọdún ni wọ́n máa ń ṣí àwọn yàrá tútù tí ó kẹ́yìn. Èmi wà ní ìdí ẹ̀rọ ìṣàpíà, ìka mi ti kú nínú ìbọ̀wọ́. Àwọn àgbẹ̀ kan wá láti ìhà Turin láti wá wo ohun tí cooperativa ń ṣe. Wọ́n la píà àwọn oko tí kò fín kálíṣíọ̀mù, ó dúdú nínú. Wọ́n la ti oko padrone wa, láti inú ìlà tí èmi fi ọwọ́ ara mi fín láti ìsàlẹ̀ kí ibà tó gbé mi dè, láti orí àwọn igi tí oògùn kò jó. Ó funfun dé ọkàn. Ó ń dún kàrà lábẹ́ ọ̀bẹ, mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró sí. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò béèrè ìdí rẹ̀. Rísíkátù gbé píà náà sókè nínú ẹ̀wù mi. Ó ní ewé kì í gbé e fún èso, pé bí ẹ̀pà ni ó rí nílé wa, pé ọmọ ẹ̀pà ní láti fúnra rẹ̀ mu ún nínú ilẹ̀. Ó ní lóko bàbá òun ni òun ti kọ́ ọ.

Télọ̀ ni bàbá rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Kò gbé ọkọ́ rí láyé rẹ̀. Àwọn ará Turin ń kọ ohun tí ó ń sọ sílẹ̀. Tecnico ń mi orí. Ó ṣèèṣì wo ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí ó fẹ́ rántí nǹkan kan, ó sì tún gbé ojú kúrò. Píà ń bọ̀ lórí ẹ̀rọ, mo ń ṣà wọ́n.

Ìwé rẹ̀ ti jáde kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ó din ẹran, ó pín in káàkiri àdúgbò rélùwéè. Ó gbé tèmi wá fúnra rẹ̀ nínú abọ́ tí ó ní ọmọrí. Mo dúró de ọ̀sẹ̀ kan. Mo dúró de oṣù kan. Mo lọ bá alfa. Ó ní, "Àǹtí Tíṣà, ṣé ẹ ṣì ń gbé ìyẹn kiri? Ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run." Mo bi Ìyá Àdínnì, ó ní ọmọ náà ń tọ́mọ lọ́wọ́, kí n má kó ìdààmú bá ọmú rẹ̀. Kì í ṣe ìyẹn ni ó dùn mí jù. Ohun tí ó dùn mí jù ni ọjọ́ tí mo wà lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n fi pín yàrá ìrun sí méjì, tí mo gbọ́ tí Ìyá Àdínnì ń fi mí júwe fún obìnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Bergamo. Ó ní, "Tíṣà tí mo ní kí o lọ bá yẹn, obìnrin dáadáa ni, ó mọ̀wé. Àmọ́ má gbà kí ó bá ẹ ṣiṣẹ́ oko. Òun ló jó oko òyìnbó." Obìnrin náà pa ṣíọ̀. Ìyá Àdínnì wà nínú yàrá lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀ mí! Òun ló fọwọ́ kàn mí lórúnkún! Ṣùgbọ́n irọ́ tí a bá fi fátíhà dè máa ń le ju òtítọ́ lọ. Àwọn tí ó pa á gan-an ti gbà á gbọ́.

Mo padà sí Turin. Mo ń tọ́jú ìyá arúgbó kan nínú ilé tí ó ní àtẹ̀gùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó ń fọ àtẹ̀gùn náà. Ọdún díẹ̀ kọjá. Nígbà tí ọ̀rúndún yẹn ń lọ sí òpin, ní òwúrọ̀ kan nínú oṣù kẹta, agogo ẹnu ọ̀nà dún. Rísíkátù ni, ó sanra díẹ̀, ó wé gèlè dáadáa, ó di ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Ó ní cooperativa ni ó rán òun wá bá àwọn àgbẹ̀ ìlú náà sọ̀rọ̀, òun sì ní òun ò lè dé Turin kí òun má kí Àǹtí òun. Ó kúnlẹ̀ síbi tí ó dúró sí, lórí òkúta àtẹ̀gùn. Ó gbé páálí píà kan kalẹ̀ níwájú mi. Abate ni.

Mo fi wọ́n jókòó sí ilé ìdáná. Mo la ọ̀kan nínú píà náà, nítorí mo fẹ́ rí i kí ó dúdú. Ó funfun dé ọkàn. Mo jẹ ẹ́. Ó dùn, ó ń dún kàrà lẹ́nu mi, ní oṣù kẹta! Ìyẹn bí mi nínú ju bí ì bá ti bí mi tí ó bá ti jẹrà lọ. Ọmọ rẹ̀ ń fa aṣọ rẹ̀, "Mamma, andiamo," pé kí àwọn máa lọ. Ó ní kí ó dákẹ́, kí ó kí ìyá àgbà. Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Buongiorno." Mo wo ojú ọmọ náà, ọmọ tí wọ́n fi oyún rẹ̀ gba orúkọ mi lọ́wọ́ mi, inú mi kò sì lè le sí i. Mo yí ojú sí ìyá rẹ̀.

Mo bi í. Mo ti ń kọ́ gbólóhùn náà fún ọdún púpọ̀, mo sì sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè. Mo ní, "Rísíkátù, permesso rẹ jáde. Ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì wà lára rẹ. Kí ló dé tí o kò rìn lọ bá padrone?"

Ó kọ́kọ́ sọ ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń sọ: pé ẹ̀rù ba òun, pé ọmọ kéré, pé padrone ti gbàgbé. Mo ń gbọ́ ọ, mo ń pa ọ̀bẹ mi mọ́. Mo ti pinnu nínú ara mi pé bí ó bá bẹ̀ mí, mi ò ní dárí jì í, bí kò bá sì bẹ̀ mí, mi ò ní dárí jì í. Mo ti ń gbé pẹ̀lú ìkórira náà bí ènìyàn ṣe ń gbé pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ń ro, mo mọ ibi tí ó gbé wà, mo mọ ìgbà tí ó máa dìde. Títí di òní, bí mo bá fẹ́ fi ohun kan kọ́ ọmọ ènìyàn, ohun tí mo rí kọ́ létí kòtò omi náà nìyí: pé kò sí ẹbọra nínú igbó tí ó burú tó ìpàdé àwọn ènìyàn rere tí wọ́n tẹ́ ẹní tí ó nípọn jù fún ọ, pé ohun tí a bá fún ewé, ewé kì í gbé e fún èso, bí o bá retí rẹ̀ títí ojú rẹ á pọ́n. Mo rò pé gbogbo ẹ̀kọ́ náà nìyẹn. Mo rò pé mo ti mọ gbogbo rẹ̀ kí ó tó dé.

Ṣùgbọ́n kò tíì tán. Ó dìde, ó gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì yí padà. Kò sunkún. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ìgbà tí ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà mi ní Reggio pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo, ó sì wò mí lójú, ohun tí kò ṣe rí.

Ó ní, "Àǹtí mi, lọ́jọ́ àsàlátù yẹn, gbogbo wa ló dúró kí ẹ sọ pé rárá. Èmi náà dúró. Tí ẹ bá sọ ọ́, ǹ bá gbà. Ẹ ò sọ pé rárá."